Kéèjì Ajá Tí Ilẹ̀kùn Ẹ̀ Máa Ń Wà Ní Ṣíṣí

Ọ̀rọ̀ kréètì, ilé kékeré tí ajá ń sùn sí nínú ilé, ni mo fẹ́ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti kéèjì tó yàtọ̀ sí i. Tí ẹ bá ń gbé Ìkòròdú, ẹ ò ní ṣàìmọ kéèjì tí mò ń sọ yìí. Ẹ wọ àdúgbò tó bá wù yín, láti Agric dé Ìgbógbó, kẹ́ẹ dé Ìjẹ̀dè tàbí kẹ́ẹ gba ọ̀nà Ọdọ̀gunyàn, ẹ yọjú wo inú ọgbà àwọn tó ní géètì ńlá, ẹ máa rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì tàbí lẹ́yìnkùlé: irin tí wẹ́dà jó pọ̀, páànù lórí, sìmẹ́ńtì nísàlẹ̀, ajá kan nínú ẹ̀ tó ń gbó gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti í mọ́bẹ̀. Ilẹ̀ ṣú, wọ́n ti géètì tán, wọ́n á wá tú u sílẹ̀ kó máa ṣọ́lé. Bó ṣe máa wà nìyẹn láti kékeré ẹ̀ títí tó fi máa kú.

Ẹ bi onílé pé kí ló dé, ohun tó máa sọ ò ju pé "kó lè burú ni." Wọ́n gbà pé ajá tó bá ń bá èèyàn ṣeré, tó ń rí ojú èèyàn lójoojúmọ́, ò ní lè mú olè. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń dùn mí dọ́kàn. Ajá tó wà nínú irin láti àárọ̀, tó ń wo ọmọdé tó ń sáré kọjá, ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ kọjá, ọlọ́kadà tó ń fọn fèrè, tí kò sì lè dé ọ̀dọ̀ ẹnì kankan, ìbínú ló ń kọ́ níbẹ̀ yẹn. Tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún un lálẹ́, ìbínú ọ̀hún ló máa gbé jáde, kò sì ní mọ olè yàtọ̀ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n onílé tó wá kí wọn láti Ìjẹ̀bú. Ajá tó mọ ará ilé dáadáa, tó mọ ẹni tó máa ń wọlé àti ẹni tí kì í wọlé, òun ló máa mọ̀ pé ẹni tó fo fẹ́ǹsì lóru yìí kì í ṣe ẹni wa. Àwọn ọdẹ tó ń fi ajá dẹgbó, ẹsẹ̀ wọn lajá wọn máa ń wà, ó ń bá wọn rìn, ó ń jẹun níwájú wọn, tó bá sì dọjọ́ iṣẹ́ ó mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Ká má tiẹ̀ tíì sọ ti páànù yẹn. Lágogo kan ọ̀sán nínú oṣù kejì, ẹ lọ fọwọ́ kàn án wò, lẹ́yìn náà kẹ́ẹ wá ro ti ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀ tó bo ara ní irun. Ẹ tún wo igun sìmẹ́ńtì níbi tí irin ti wọnú ògiri, ẹ máa rí eégbọn níbẹ̀, àwọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó ti wú, àwọ̀ wọn ti di ti eérú. Eégbọn yìí kì í gbé ara ajá nìkan o, inú ibi tí ògiri ti sán ló máa ń yé ẹyin sí, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi máa ń wẹ ajá, wọ́n á ra oògùn, wọ́n á fi fọ̀ ọ́, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po eégbọn á tún ti kún un létí. Wọ́n ò tọ́jú kéèjì, ajá nìkan ni wọ́n tọ́jú.

Kréètì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yàtọ̀ síyẹn. Inú ilé lòun ń wà, ní pálọ̀ tàbí pásééjì, ajá kan ló gbà, aṣọ tàbí kápẹ́ẹ̀tì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Òmíràn jẹ́ wáyà tó ṣeé ká pọ̀, òmíràn jẹ́ ike líle tí wọ́n fi ń gbé ajá wọ bàálù, aláṣọ náà wà fún àwọn ajá kéékèèké tí kì í fi eyín ya nǹkan. Àwọn káfíńtà wa náà lè fi páákó kan án. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ilẹ̀kùn ẹ̀. Ilẹ̀kùn kréètì, ṣíṣí ló yẹ kó máa wà lọ́pọ̀ ìgbà, ajá á máa wọlé fúnra ẹ̀, á máa jáde fúnra ẹ̀, tó bá wá dọjọ́ tó pọn dandan kéèyàn tì í fúngbà díẹ̀, kò ní rí i bí ìyà.

Ìyá Rìsí tá a jọ ń gbé kọ́tà kan náà ò gbà mí gbọ́ nígbà tí mo gbé kréètì wọlé. Wọ́n wò ó yíká, wọ́n ní, "Mọ́mì Tóbi, ajá tẹ́ ò tì mọ́lé, tẹ́ ẹ tún wá kan ilé fún, kí wá ni ìlò ilé ọ̀hún?"

Mo ní, "Ìyá Rìsí, ẹ̀yin náà kì í kúkú ti ara yín mọ́ yàrá yín lọ́sàn-án, ẹ ṣáà ní yàrá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo ti fẹ́ fajá ṣọmọ. Mo ní mi ò fi ṣọmọ, mo fi ṣajá ni, ohun tí mo fẹ́ ni kó ní ibì kan tó jẹ́ tiẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní yọ ọ́ lẹ́nu, àtàwọn ọmọ mi pàápàá. Òfin ilé wa sì nìyẹn: tí Tanímọ̀la, ajá wa, bá ti wọnú kréètì ẹ̀, ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ nawọ́ fà á jáde, ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ kàn án lórí, kódà kó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù wọn ló gbé wọlé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọn ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ kréètì rárá, pàápàá àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun, wọ́n ní ìkà ni. Mo gbọ́ wọn lágbọ̀ọ́yé. Ní Sweden, òfin ò gbà kéèyàn máa ti ajá mọ́nú kéèjì nínú ilé, àfi fún àwọn nǹkan bí ìrìn àjò. Ní Jámánì, òfin tí wọ́n tún ṣe tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022 sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa jẹ́ kí ajá jáde síta dáadáa, níta kéèjì. Mo fara mọ́ òfin bẹ́ẹ̀, torí àwọn èèyàn wà káàkiri ayé tí wọ́n máa ń ti ajá mọ́nú kréètì láti ìgbà tí wọ́n bá ti lọ síbi iṣẹ́ títí tí wọ́n á fi dé, tí ilẹ̀ bá tún ṣú wọ́n á tún tì í, tí wọ́n á sì máa pè é ní títọ́ ajá. Ìyẹn àti ti ẹ̀gbẹ́ géètì, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Àwọn tó ń ta kréètì náà ní tiwọn, wọ́n á ní ẹran inú ihò lajá, pé ìkookò tó jẹ́ babańlá ẹ̀ inú ihò ló ń gbé. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ìgbà tí ìkookò bá fẹ́ bímọ ló máa ń lo ihò, tí àwọn ọmọ bá ti dàgbà tó láti máa rìn tẹ̀ lé ìyá wọn, wọ́n á fi ihò sílẹ̀, ìta gbangba ni wọ́n á máa sùn. Torí náà kò sí ajá tí wọ́n bí ìfẹ́ kréètì mọ́. Kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ, ẹni tó bá sì kọ́ ọ pẹ̀lú ipá, ìbẹ̀rù ló máa rí níbẹ̀.

Wọ́n á wá ní, tó bá ṣe pé kíkọ́ ni, kí ló dé tí mò ń yọ ara mi lẹ́nu? Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ fún yín. Bàbá ọkọ mi, Alhaji ni wọ́n, wọn ò sì fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọ́n fi ń kírun, ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn, a sì gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún wọn. Tí wọ́n bá wá, Tanímọ̀la á wọlé ẹ̀, mo á fún un légungun, á wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́, wọ́n á jẹun, wọ́n á kírun, wọ́n á sinmi, kò sẹ́ni tó máa lé ajá síta sínú òjò. Tó bá di Oṣù Kejìlá tí àwọn ọmọ àdúgbò bá bẹ̀rẹ̀ báńgà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ajá mọ bó ṣe máa ń rí, ajá á máa gbọ̀n, á máa wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òmíràn á fo fẹ́ǹsì lọ, wọ́n á máa wá a kiri Ṣágámù. Kréètì tá a fi aṣọ bo ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tá a gbé sí yàrá tí ariwo ò pọ̀, ibẹ̀ lajá tó ti mọ̀ ọ́n máa sá sí fúnra ẹ̀. Ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún náà ńkọ́? Dókítà ajá á ní kó má fò, kó má sáré, báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún ajá?

Èyí tó ṣe pàtàkì jù, tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń gbé àdúgbò wa gbọ́, ni ọ̀rọ̀ dìgbòlugi. Tí ajá bá gé èèyàn jẹ, nǹkan àkọ́kọ́ ni kẹ́ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kẹ́ẹ wá gba ọsíbítù lọ fún abẹ́rẹ́, ẹ má dúró de ohunkóhun, torí tí dìgbòlugi bá ti fojú hàn lára èèyàn, kò sóògùn ẹ̀ mọ́. Ìkejì ni ti ajá. Àwọn èèyàn wa, igi ni wọ́n máa ń mú, wọ́n á lu ajá pa lójú ẹsẹ̀, wọ́n á jù ú sígbó, kò wá sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ó ní àrùn ọ̀hún àbí kò ní. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera ní ká ṣe ni pé ká há ajá náà mọ́ ibi tí kò ti ní lè dé ọ̀dọ̀ ẹnì kankan, kí dókítà ajá máa wò ó fún ọjọ́ 10. Tára ẹ̀ bá ṣì le koko lẹ́yìn ọjọ́ 10, a jẹ́ pé kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tó gé èèyàn jẹ. Ẹ wá rò ó wò, ajá tí kò wọ ibi kankan rí, tínú sì ti ń bí, ta ló fẹ́ tì í mọ́lé fọ́jọ́ 10? Ajá tó mọ kréètì, á wọlé, á jẹun, á sùn. Nǹkan kékeré yìí lè gba ẹ̀mí ajá là, ó sì lè jẹ́ kí ọkàn ẹni tó gé jẹ balẹ̀.

Ó yá, kíkọ́ ẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ gbé kréètì kalẹ̀ síbi tí ará ilé máa ń jókòó, ẹ ṣílẹ̀kùn ẹ̀, kẹ́ẹ fi okùn so ilẹ̀kùn náà mọ́ ẹ̀yìn kó má lọ pa dé fúnra ẹ̀ kó dẹ́rù bà á. Lẹ́yìn náà kẹ́ẹ máa ṣe bí ẹni pé ẹ ò rí i. Ẹ̀dọ̀ màlúù sísè tí mo gé wẹ́wẹ́ ni mo fi kọ́ Tanímọ̀la. Ajá ìbílẹ̀ ni, pupa rúsúrúsú, etí ẹ̀ kan dúró, èkejì tẹ̀, kì í gbẹ́kẹ̀ lé nǹkan tuntun kíákíá. Mo ju ẹ̀dọ̀ kan sẹ́nu ọ̀nà, ó mú un. Mo ju òmíràn sí àárín, ó kó ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì wọlé, tẹ̀yìn wà níta gbọn-in, ó na ọrùn, ó na ara, gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ gùn gbọọrọ, ó yọ ahọ́n fa ẹ̀dọ̀ yẹn mọ́ra, kíá ó ti padà síta, ó wá dúró ń wò mí bóyá mo fẹ́ ṣe nǹkan. Mi ò ṣe nǹkan kan. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà gan-an o, kéèyàn má ṣe nǹkan kan, kéèyàn má fọwọ́ tì í ní ìdí, kéèyàn má sáré ti ilẹ̀kùn torí pé ó ti wọlé tán. Tó bá ti yá, abọ́ oúnjẹ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní ìdí kréètì pátápátá, ó ń wọlé jẹun, ó ń jáde. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ tí ilé dákẹ́ ni mo wẹ̀yìn tí mo rí i pé ó ti lọ sùn síbẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é, kò sì sóúnjẹ níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn lèèyàn tó lè máa ti ilẹ̀kùn. Ìṣẹ́jú kan, kẹ́ẹ ṣí i. Ìṣẹ́jú mélòó kan sí i, ẹ wà níbẹ̀, ẹ máa ṣe iṣẹ́ yín, ẹ máa ṣa ẹ̀wà. Kẹ́ẹ tó wá jáde kúrò nínú yàrá, kẹ́ẹ tó wá jáde nílé. Tó bá ń ké, kẹ́ẹ fara balẹ̀ gbọ́ irú igbe tó ń ké, torí igbe "mo fẹ́ tọ̀" yàtọ̀ sí igbe "ẹ wá bá mi ṣeré", ẹni tó bá ń gbé pẹ̀lú ajá ẹ̀ á mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì fi kréètì jẹ ẹ́ níyà láéláé. Tó bá jẹ bàtà yín, ẹ bá a wí níbi tó ti jẹ ẹ́, tàbí kẹ́ẹ kó bàtà yín pamọ́, ẹ má wọ́ ọ lọ sínú kréètì pẹ̀lú ìbínú, torí ọjọ́ kan péré tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè ba gbogbo ẹ̀dọ̀ tẹ́ ẹ ti ná sí i jẹ́.

Ọmọ ajá ò lè pa ìtọ̀ mọ́ra pẹ́. Òṣùwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò ni pé kéèyàn ka iye oṣù tó ti lò láyé, kó fi ẹyọ kan kún un, iye wákàtí tó lè mú un mọ́ra lọ́sàn-án nìyẹn, ọmọ oṣù 2, wákàtí 3 ló pọ̀ jù. Kéèyàn wá tì í mọ́lé láti àárọ̀ lọ Victoria Island, kó tó bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 dé Ìkòròdú lálẹ́, ìyà lẹ fi jẹ ọmọ ọlọ́mọ yẹn. Ajá tó ti dàgbà pàápàá, lójú tèmi, wákàtí mẹ́rin lọ́sàn-án ti tó, kẹ́ẹ wá ẹni tó máa bá yín ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìwọ̀n ẹ̀ nílé ò le: kó lè dìde dúró láìtẹ orí ba, kó lè yí padà, kó lè na ẹsẹ̀ tó bá fẹ́ sùn. Kẹ́ẹ má wá tórí pé ọmọ ajá á dàgbà kẹ́ẹ fún un ní ńlá gbàǹgbà o, torí á máa sùn ní igun kan á máa yàgbẹ́ sí igun kejì, ẹ fi páákó dá a sí méjì, kẹ́ẹ máa sún un bó ṣe ń dàgbà. Káfíńtà kan ní Sábó ló bá mi kan ti Tanímọ̀la. Nígbà tó parí ẹ̀ tó sì ń fọ́nnu, mo ní kó fọwọ́ pa inú ẹ̀ yíká fún mi. Ó kọ́kọ́ wò mí, ó wá kúnlẹ̀, ó kó apá wọlé, ó ń pa á lọ díẹ̀díẹ̀, ó dé igun òkè lọ́wọ́ òsì, ó fa ọwọ́ jáde wéré. Ẹnu ìṣó ló yọ, kò ju orí èékánná lọ, ibi tí ojú ajá máa wà gan-an tó bá dìde. Ó gbá a tẹ̀, ó fi sáńdípépà ha gbogbo inú ẹ̀ láìjẹ́ pé mo tún sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ fọwọ́ pa á kẹ́ẹ tó sanwó. Tó bá jẹ́ ti wáyà, ẹ bọ́ bẹ́líìtì ọrùn ajá kó tó wọlé, torí ó lè há sára wáyà kó sì fún un lọ́rùn. Tó bá sì jẹ́ tòkùnbọ̀ lẹ rà, ẹ fi omi púpọ̀ po bílíìṣì, ìwọ̀n 1 sí omi 30, kẹ́ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ẹ tó da ti bílíìṣì sí i, kẹ́ẹ jẹ́ kó wà lára ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ẹ ṣàn án, kẹ́ẹ sá a sóòrùn. Kòkòrò pávò tó ń pa ọmọ ajá lè wà lára nǹkan fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọṣẹ lásán ò sì ran án.

Ẹ tún ronú nípa ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ló ti ń làágùn díẹ̀, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń lé ooru jáde. Ara ajá tó lálàáfíà máa ń gbóná tó nǹkan bí 38 sí 39 lórí ìwọ̀n Celsius, tó bá ti kọjá 41, ikú ti ń kanlẹ̀kùn. Torí náà, kréètì ò gbọ́dọ̀ wà lójú oòrùn, ẹ má sì fi aṣọ bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pa lálẹ́ tí kò síná, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ rọ́nà wọlé. Àwọn ajá onímú pẹlẹbẹ, àfi kẹ́ẹ tún ṣọ́ra sí i, torí mímí yẹn gan-an ni ìṣòro wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé kréètì sí pásééjì ẹ̀yìn níbi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa èèyàn lójú oorun, bẹ́ẹ̀ náà ló ń pa ajá, ajá tí wọ́n tì mọ́bẹ̀ ò sì lè sá.

Ti ìrìn àjò ló wá ń bà mí nínú jẹ́ jù. Ẹ lọ sí gáréèjì tí wọ́n ti ń kó ẹrù, ẹ máa rí ọmọ ajá nínú páálí Indomie tí wọ́n fi ọ̀bẹ dá ihò méjì mẹ́ta sí, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ orí ẹ̀ pa, wébíìlì ni, Àkúrẹ́ ló ń lọ. Wọ́n á kó o sí búùtù pẹ̀lú àpò ìrẹsì. Ẹni tó rà á á máa retí ajá, òkú ni wọ́n máa gbé fún un nígbà míì, tàbí kó gba èyí tó ti kó pávò lára páálí mìíràn tí wọ́n jọ tò pọ̀. Mo bẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ajá, kréètì oníke kékeré kì í ṣe ohun tápá ò ká, ẹni tó ń ra ajá lówó gọbọi lè san ti kréètì mọ́ ọn. Tẹ́ ò bá sì lè ṣe ìyẹn, ẹ ní kó wá gbé e fúnra ẹ̀.

Nínú mọ́tò tiyín, ẹ má jẹ́ kajá jókòó lórí ẹsẹ̀ dírẹ́bà, ẹ má sì gbé kréètì sínú búùtù tí wọ́n ń pa dé. Àga ẹ̀yìn tàbí ẹ̀yìn Sienna ni kẹ́ẹ gbé e sí, kẹ́ẹ fi okùn dè é mọ́ irin àga gbọn-ingbọn-in, torí tí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì lójijì ní Májídùn, kréètì tí wọn ò dè máa fò ni, tòun tajá inú ẹ̀. Ẹ má fún un lóúnjẹ tí ẹ bá ti fẹ́ gbéra, ẹ jẹ́ kó ti tó bíi wákàtí mẹ́rin tó jẹun kẹ́ẹ tó jáde, èébì á dín kù. Omi lẹ ò gbọ́dọ̀ fi dù ú. Ẹ gbé abọ́ omi sí fíríìsà láti alẹ́ àná kó dì, kẹ́ẹ fi kọ́ ara ilẹ̀kùn, á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, á máa lá a, kò ní dà sí i lára. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ra nǹkan, kẹ́nì kan dúró nínú mọ́tò pẹ̀lú ẹ̀, inú mọ́tò tó wà lóòrùn máa ń gbóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Bàálù ló wá ní ìwé àti òfin púpọ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ń mú ajá ẹ̀ lọ sí Ìlú Ọba, òun ló jẹ́ kí n wọnú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. IATA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ bàálù lágbàáyé, ló ní òfin tó sọ bí kréètì ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ẹ mú téèpù télọ̀, ẹ wọn ajá láti imú dé ìdí ìrù, ẹ wọn ẹsẹ̀ iwájú láti ilẹ̀ dé ìgúnpá, ẹ wọn fífẹ̀ èjìká ẹ̀, kẹ́ẹ wá wọn ọ́n láti ilẹ̀ dé orí tàbí ṣóńṣó etí, èyí tó bá ga jù. Gígùn kréètì ni gígùn ajá pẹ̀lú ìdajì ìgúnpá. Fífẹ̀ ẹ̀ ni èjìká lọ́nà méjì. Gíga ẹ̀ ni gíga ajá pẹ̀lú nínípọn aṣọ tẹ́ ẹ tẹ́ síbẹ̀. Ká ní ajá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 80, ìgúnpá ẹ̀ jẹ́ 34, èjìká 24, orí 64: gígùn kréètì ò gbọ́dọ̀ dín ní 97, fífẹ̀ 48, gíga 64 àti ti aṣọ lórí ẹ̀. Onímú pẹlẹbẹ, ẹ fi ìdá 10 nínú 100 kún gbogbo ẹ̀. Atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa wọ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nọ́ọ̀tì onírin ló gbọ́dọ̀ so òkè mọ́ ìsàlẹ̀, tó bá ní táyà ẹ yọ ọ́, abọ́ omi gbọ́dọ̀ ṣeé bu omi sí láti ìta láìṣílẹ̀kùn, kẹ́ẹ sì lẹ bébà "Live Animals" mọ́ ọn pẹ̀lú àmì ọfà tó fi òkè hàn.

Ti ìwé náà wà lọ́tọ̀. Microchip, ẹ̀rọ kékeré tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ajá, ló kọ́kọ́ máa ń wà lára ẹ̀, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi á tẹ̀ lé e. Torí pé Nàìjíríà ò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dín òfin kù fún, ẹni tó ń lọ sí Ìlú Ọba tàbí Yúróòpù gbọ́dọ̀ dúró ọjọ́ 30 ó kéré tán lẹ́yìn abẹ́rẹ́, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ajá lọ sí láàbù tí wọ́n fọwọ́ sí, tí ìwọ̀n èròjà tó ń bá dìgbòlugi jà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bá ti tó 0.5 IU/ml, ó tún máa dúró oṣù 3 láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ìlú Ọba tún fẹ́ oògùn aràn tí dókítà ajá máa fún un láàárín wákàtí 24 sí 120 kó tó wọlé. Amẹ́ríkà, láti 1 oṣù kẹjọ 2024, ajá tí kò bá tíì pé oṣù 6 ò lè wọ̀bẹ̀, Nàìjíríà sì wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kà sí eléwu dìgbòlugi. Lọ́dọ̀ wa níbí, NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ẹran àti ohun ọ̀gbìn wò kó tó wọlé tàbí jáde nílùú, ló ń fúnni ní ìwé pé ajá lè jáde.

Ẹ kà á pọ̀, ó ti tó nǹkan bí oṣù mẹ́rin láti ọjọ́ abẹ́rẹ́. Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi nìyẹn nígbà tó ń kùn pé ìjọba wọn ń fi àkókò òun ṣòfò. Mo ní, ra kréètì náà lónìí, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa wọ bàálù, gbé e sí pálọ̀ ẹ, yọ ilẹ̀kùn ẹ̀ kúrò pátápátá lóṣù àkọ́kọ́, kí ajá ẹ máa jẹun níbẹ̀, kó máa sùn níbẹ̀, kó fi máa dé pápákọ̀ Ìkẹjà àwọn tó ń gbé e ló máa ṣàjèjì sí i, ibi tó sùn sí ò ní ṣàjèjì. Ó gbọ́, ó ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń béèrè oògùn oorun tí wọ́n lè fún ajá lọ́jọ́ yẹn, ẹ má dán an wò, àwọn dókítà ajá kìlọ̀ fún un dáadáa, ó lè ṣàkóbá fún mímí àti ìrìn ẹ̀jẹ̀ ajá lókè lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù kì í sì í gba ajá tí wọ́n ti fún lóògùn oorun. Aṣọ tó ti ń sùn lé, tí wọn ò fọ̀, tó ń rùn bí ilé, òun ni kẹ́ẹ tẹ́ sínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má tètè kó kréètì lọ sí àjà, ẹ gbé e kalẹ̀ ní ṣíṣí nínú ilé tuntun yẹn, torí òun nìkan lajá mọ̀ níbẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà o: àwọn ajá kan wà tí kréètì ò bá lára mu, bó ti wù kéèyàn rọra kọ́ ọ tó. Ẹ máa rí i tó ń da itọ́ títí àyà ẹ̀ á fi rin, á máa fi eyín fa irin títí eyín á fi kán, èékánná á máa ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ti jìyà nínú kéèjì ẹ̀gbẹ́ géètì rí pọ̀ nínú wọn. Ẹ má ní ó máa mọ́ ọn lára tó bá yá. Ẹ gbé kréètì kúrò níwájú ẹ̀, ẹ fún un ní igun yàrá kan pẹ̀lú ẹní, kẹ́ẹ fi géètì kékeré tí wọ́n fi ń dá ọmọdé dúró sẹ́nu ọ̀nà dípò ilẹ̀kùn, kẹ́ẹ mú un lọ rí dókítà ajá. Tó bá wá di dandan kẹ́ẹ bá a rìnrìn àjò, dókítà yẹn lẹ máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kẹ́ẹ tó san owó mọ́tò tàbí ti bàálù.